Ká ka olùkọ́ ká tó kọ kọ́ọ̀sì: ìrírí mi lórí dídá másításì sílẹ̀ ní yunifásítì ìjọba

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n bá pè lọ́jọ́ kan pé kí ẹ lọ kọ ètò oyè kejì tuntun fún ẹ̀ka yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílẹ̀ Yorùbá níbí, ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ni mo sì wà. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó dá másításì sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe rò lọ, ó sì mu wá lómi. Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún wa ká tó bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ìdí tí a fi fẹ́ ẹ dára. Àwọn ọmọ tó bá jáde lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú èsì tó yanjú, Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ fún oyè kejì, tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹni tí apá rẹ̀ bá sì ká a á gba òkè òkun lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì elérò rẹpẹtẹ láàárọ̀, tó tún ń máàkì ìwé wọn lálẹ́, kò ní ẹni tí yóò bá a dúró ní láàbù, ìwádìí rẹ̀ á sì máa falẹ̀ ni. A nílò àwọn ọmọ másításì. Ṣùgbọ́n ìwé tún ti wá láti òkè, lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ yunifásítì, pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ètò tuntun wá, torí owó tí ìjọba ń fún yunifásítì kò ká ìnáwó mọ́, owó iléèwé àwọn ọmọ másításì yóò sì ràn án lọ́wọ́. N kò bínú sí ìyẹn, iná àti omi kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí ẹ sáà mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdí méjì ló wà nílẹ̀, ti ẹ̀ka àti ti àpò yunifásítì, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí àwọn méjèèjì yóò kọjú síra wọn.

Tayọ̀tayọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. A pín iṣẹ́, a kó ìwé ètò ẹ̀kọ́ àwọn yunifásítì mìíràn jọ, a wo tibí, a wo tọ̀hún, oníkálukú sì lọ kọ kọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹni tó gboyè lórí wàrà kọ kọ́ọ̀sì lórí wàrà, ẹni tó gboyè lórí ẹran kọ ti ẹran. Láàárín oṣù díẹ̀, kọ́ọ̀sì ti pọ̀ nínú ìwé wa débi pé ọmọ tó bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ kò ní rí àyè fún ìwádìí kankan. A ń jiyàn lórí orúkọ kọ́ọ̀sì, lórí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì, lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú. Orí wa wú. Ní tèmi, mo rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú ẹ̀ka wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn. Nígbà tí ó wá sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ló bi wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò máa bá wọn ka àpilẹ̀kọ?" Ó ní kí a kọ orúkọ gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka sójú pátákó. Kí a kọ ipò oníkálukú sí i, ọjọ́ ìbí rẹ̀, bóyá ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti iye ọmọ ọdún àṣekágbá tó ń bójú tó lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ohun tí pátákó yẹn fi hàn wá bà mí lẹ́rù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2012, tí yunifásítì tiwa náà ń tẹ̀ lé, ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìntì ní ẹni 70 ọdún, kí olùkọ́ tí kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ní 65. Bàbá fúnra wọn ti ń sún mọ́ ọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kejì wà ní ìsinmi sábátíkà, èyí tí olùkọ́ fi ń lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn fún ìgbà díẹ̀, ní yunifásítì aládàáni, a sì ń gbọ́ pé wọn ò ní padà. Ìlànà NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó yunifásítì, ni pé kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti rídà, ipò tó tẹ̀ lé ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún olùkọ́ ẹ̀ka, kí àwọn olùkọ́ àgbà jẹ́ 35, kí àwọn tó kù jẹ́ 45. Lórí ìwé, a kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ ẹni tó máa fẹ̀yìntì kúrò, tí a yọ ẹni tí kò sí nílé, tí a yọ ẹni tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn tó kù lójú pátákó kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àwọn wọ̀nyí náà ni àwọn ọmọ oyè àkọ́kọ́ ti gbà tán.

Bí ẹ̀yin bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi pátákó yẹn. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ètò yín. Kọ́ọ̀sì ṣeé kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni tó gbọ́n lè kọ ọ́. Ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ kan fún ọdún méjì, tí yóò ka orí kejì àpilẹ̀kọ rẹ̀ léraléra, tí yóò sọ fún un pé àbájáde rẹ̀ kò pé, kí ó padà sí láàbù, kò ṣeé kọ sínú ìwé kó sì wá. Ó wà tàbí kò sí. Kí ẹ sì wo ọdún márùn-ún síwájú, kí ẹ má wo ọdún yìí nìkan, torí ọmọ tí ẹ gbà wọlé lónìí lè má tíì jáde nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Bí a ṣe ń ṣírò àwọn àgbà tó máa lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ dára jù nínú ìwé wa gba ìsinmi lọ sí Kánádà, láti ọ̀hún ló ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà nínú ọ́fíìsì mi, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, n kò lè sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo mọ owó oṣù rẹ̀, mo sì mọ iye tó ń san fún ilé. Ohun tó dùn mí ni pé orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ta.

A gé kọ́ọ̀sì kù. A fi òfin kan lélẹ̀ pé kọ́ọ̀sì tí kò bá ní olùkọ́ méjì tó lè kọ́ ọ kò ní wọ inú ìwé. Ó le, torí ìfẹ́ ọkàn ẹlòmíràn ló wà nínú ohun tí a ń gé. Ní àkókò kan náà, a ti àwọn olùkọ́ kéékèèké tí wọn kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé síwájú pé kí wọ́n béèrè owó ẹ̀kọ́ TETFund, èyí tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ lọ gba oyè síi, kí wọ́n lè parí. Iṣẹ́ tó ṣe wá láǹfààní jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ wa ṣe, kò sì sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún wa.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kó tó di olùkọ́, ló tún tú wa ká lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Alàgbà, ta ni a bi pé ó fẹ́ ohun tí à ń kọ yìí?" A kò tíì bi ẹnikẹ́ni. A fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó jáde lọ́dọ̀ wa lórí WhatsApp, a sì wọ mọ́tò lọ bá àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá àti Ọ̀tà. Àwọn ọmọ wa sọ òótọ́ fún wa. Wọn kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ́ọ̀sì lórí wàrà. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣírò iye oṣù tí oúnjẹ inú ọ̀rá yóò lò kó tó bàjẹ́, bí a ṣe ń kó ìwé jọ fún NAFDAC, bí a ṣe ń fi ètò HACCP ṣọ́ gbogbo ibi tí ewu ti lè wọ inú oúnjẹ. Obìnrin kan tó ń ṣe fùfú àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sọ fún wa pé àwọn tó fẹ́ ra ọjà òun lọ sókè òkun ń béèrè iye sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, tó wà nínú rẹ̀. Ìlànà Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, kò gbà kí ó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kan. Ó ní òun kò mọ ẹni tí yóò bá òun wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ka wa wà ní wákàtí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ obìnrin yìí, àwa sì wà nínú yàrá ìpàdé, à ń jà lórí orúkọ kọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Kọ́ọ̀sì lórí ẹ̀gẹ́ di ọ̀kan gbòógì nínú ètò wa láti ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ la ti kan ìpinnu tó le jù. Oríṣi másításì méjì ló wà. Ti ìwádìí wà, tí ọmọ lè gbà dé oyè ọ̀mọ̀wé. Èyí tí wọ́n ń pè ní professional náà wà, ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fi gbani sí oyè ọ̀mọ̀wé ní tààrà. Òkè fẹ́ professional torí ó ń mówó wọlé kíákíá. Àwa nílò ti ìwádìí torí láàbù wa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká ṣe méjèèjì pọ̀. Mo takú, torí orúkọ àwọn olùkọ́ kan náà la ó máa kọ sábẹ́ méjèèjì. A mú ti ìwádìí, a sì kó kíláàsì rẹ̀ sí ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé kí òṣìṣẹ́ lè rí i ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: ìpàdé ẹ̀ka, ìpàdé fákọ́tì, ilé ẹ̀kọ́ oyè gíga, ọ́fíìsì tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, Sẹ́nétì, kó tó dé NUC l'Ábùjá. Ní fákọ́tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a padà. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí dìde, wọ́n ní kọ́ọ̀sì méjì nínú ìwé wa tiwọn ni. Wọ́n kígbe lé wa lórí nínú ìpàdé, àwa náà sì dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà wá di ti iyì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rọ̀.

Bàbá ló mú mi lọ sí ilé ọ̀gá ẹ̀ka wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọn kò mú ìwé kankan dání. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ara ìyá àgbà, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń ṣe ìgbéyàwó. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Nígbà tó yá ni ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá jẹ́ ká jọ kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn." Báyìí la ṣe rí olùkọ́ méjì tí a kò ní tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ilé àwọn ẹ̀ka tó múlé gbè wá ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́tà àdéhùn ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú o. Ọ̀gá ẹ̀ka máa ń yí padà, ẹni tuntun lè ní òun kò gbọ́ sí i.

Nípa ti NUC, ohun méjì ni ẹ̀ka tuntun máa ń gbàgbé. Àkọ́kọ́ ni pé oyè àkọ́kọ́ yín gbọ́dọ̀ ti ní ìfọwọ́sí kíkún kí ẹ tó lè gbé oyè kejì wá. Ọdún 5 ni ìfọwọ́sí kíkún máa ń lò. Èyí tí kò kún, ọdún 2. Ẹ lọ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé tiyín lónìí. Tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ìwé dé Sẹ́nétì, wọ́n sì ní ká dúró ká tún tibẹ̀ ṣe ná. Bí a ṣe ń dúró ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Yunifásítì wa wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé padà, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, iye owó gbogbo ẹ̀rọ inú ìwé wa ti yí padà, ètò ẹ̀kọ́ CCMAS tuntun fún oyè àkọ́kọ́ sì ti ń bọ̀, èyí tí NUC kọ ìdá 70 rẹ̀, tí yunifásítì fúnra rẹ̀ sì kọ 30. Díẹ̀ lára ohun tí a ti kọ fún àwọn ọmọ másításì wà nínú ohun tí a fẹ́ fi sí 30 yẹn. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé, à ń lẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni àwọn tí NUC máa rán wá fojú ara wọn rí láàbù, yàrá ìkàwé àti olùkọ́ kí ẹ tó gba ọmọ kankan. A ní ẹ̀rọ HPLC kan tó dára, èyí tí a fi ń wọn èròjà inú oúnjẹ, àmọ́ kò sí iná tó dúró déédéé tí a lè fi lò ó. Ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn pé ká lọ yá ẹ̀rọ láti ibòmíràn, ká tò ó sílẹ̀ títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbìmọ̀ wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan gbà á rò, torí ó ti rẹ̀ wọ́n. Akọ̀wé wa ló sọ̀rọ̀: "Tí wọ́n bá kó o padà lọ́jọ́ Ajé, kí ni ọmọ máa fi ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kọ ohun tí a ní àti ohun tí a kò ní sílẹ̀ bó ṣe rí, a sì bá ilé ìwádìí kan tọwọ́ bọ̀wé kí àwọn ọmọ wa lè máa lo ẹ̀rọ wọn. Àwọn ilé bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wa: FIIRO ti wà ní Òṣòdì láti 1956, IITA ti wà n'Íbàdàn láti 1967. Kí àdéhùn yín sọ ẹni tí yóò san owó kẹ́míkà, ọjọ́ tí ọmọ lè wọlé, àti orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé tí a bá tẹ̀ jáde. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń dájà sílẹ̀.

Owó iná wá gba ojú mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná lò jù lóòjọ́, dé naira 225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, tí ó ti wà ní nǹkan bí 68 tẹ́lẹ̀, gbogbo ìṣirò tí a ṣe fún fíríísà láàbù wó lulẹ̀. Ẹ má fi owó iná sábẹ́ "àwọn ìnáwó mìíràn" nínú ìwé yín. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, mo lọ fi han Bàbá nílé, wọ́n ti fẹ̀yìntì nígbà náà. Wọ́n kà á tán, wọ́n béèrè iye ọmọ tí a fẹ́ gbà.

Ibẹ̀ ni ìdí méjì tí mo sọ lókè ti kọjú síra. Òkè fẹ́ kíláàsì tó kún. Àwa lọ sí ibi pátákó wa, a ka àwọn tó lè bójú tó ọmọ, a fún oníkálukú ní ọmọ méjì péré, a sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n bínú. Wọ́n ní ẹ̀ka mìíràn ń gba ìlọ́po mẹ́rin. Mo kọ lẹ́tà tó ní orúkọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó ń bójú tó, mo ní kí wọ́n bá wa fi ọmọ tó kù sábẹ́ ẹni tó bá wù wọ́n. Kò sí ẹni tó dá lẹ́tà náà padà. Mo rò pé orúkọ ló ṣiṣẹ́ yẹn. Bí a bá kàn ní "olùkọ́ kò tó", wọn ì bá sọ pé ọ̀lẹ ni wá.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wa la mọ ọmọ másításì ọdún méjì tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì ìjọba, mo sì ti búra pé tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wo ohun tó ń dá wọn dúró, ìwádìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí ìwé tó ń sùn lórí tábìlì olùkọ́ ni. Olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn ni, tí a kò tètè san owó ọkọ̀ rẹ̀, tí kò sì wá. A ra ìwé ńlá kan tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka: ọmọ tó bá fi orí ìwé sílẹ̀, ọjọ́ náà wọ ibẹ̀, olùkọ́ tó bá dá a padà, ọjọ́ náà wọ ibẹ̀. A máa ń kà á sókè ní ìpàdé ẹ̀ka lóṣooṣù, níwájú gbogbo wa. Ó kọ́kọ́ bí àwọn kan nínú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti di ọ̀gá òun. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ìwé náà sì dúró síbi tó wà. Owó olùyẹ̀wò náà, a máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó tó bá kọ́kọ́ wọlé ní sáà ẹ̀kọ́ báyìí, kí ohunkóhun mìíràn tó jẹ ẹ́.

Ní báyìí wọ́n ti ní ká gbé ètò oyè ọ̀mọ̀wé wá. A ti kọ ọ́ tán, ó wà lọ́dọ̀ wa. Méjì nínú àwọn olùkọ́ tí a rán lọ pẹ̀lú owó TETFund ti padà pẹ̀lú oyè wọn, ọ̀kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ka pé kí ìwé náà má tíì lọ sí fákọ́tì títí ẹni kẹta yóò fi dé, kí a sì kọ́kọ́ tún orúkọ gbogbo wa kọ sójú pátákó.